Ọ̀bẹ Kan fún Ọjọ́ Mẹ́ta

Ẹ fi àga yín sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọdẹ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn wá jókòó gbọ́ ohùn arúgbó, torí ohùn mi kì í lọ jìnnà mọ́ bíi ti ìgbà tí mo lè dúró létí odò kí n pe ajá mi, kó sì gbọ́ lórí òkè. Èmi ni Ọdẹ́jìmí, ẹ mọ̀ mí. Iye ìgalà tí mo ti gbé wọ ìlú yìí ju irun tó kù lórí mi lọ, ẹ má sì wo orí mi kẹ́ ẹ máa rẹ́rìn-ín, irun ti pọ̀ níbẹ̀ rí. Mo ti sọ ti erè tó gbé ewúrẹ́ mẹ́ta mì fún yín, mo ti sọ ti ẹfọ̀n olójú kan. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni mo fẹ́ sọ. Mo rí i bẹ́ ẹ ṣe ń wojú ara yín. Ẹ ń bi ara yín pé kí ló wà lára ọ̀bẹ tí àgbàlagbà á fi jókòó máa sọ ọ́ láti ọ̀sán. Ó dáa. Ọ̀bẹ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo yàn án láàárín ogójì ọ̀bẹ, oòrùn ń lọ sílé nígbà tí mò ń yàn án, ká ní mo sì ṣì í yàn ni, èèyàn kan ì bá ti di igi, èmi náà ì bá sì ti lo ọdún méje nínú igbó níbi tí mo ti ń fọ́ èédú.

Ní Ìdí-Òro níbi tí wọ́n ti bí mi, àwa ọdẹ ní àṣà kan tí mi ò tíì rí ní ìlú míì. Tí ọdẹ bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ọdẹ, òun àti bàbá ọmọ náà ni wọ́n jọ máa wọ igbó fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá náà kò ní mú ohun onírin kankan, kò ní mú ìbọn, kò ní mú àdá, abẹ́rẹ́ pàápàá kò gbọdọ̀ sí lára aṣọ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fẹ́yàwó náà kò ní mú ju ọ̀bẹ kan ṣoṣo lọ. Ọ̀bẹ yẹn ni wọ́n máa fi gé igi àgọ́, òun ni wọ́n máa fi la igi ìdáná, òun ni wọ́n máa fi bó ẹran tó bá kó sí okùn, òun náà ni wọ́n máa fi bẹ iṣu. Tí wọ́n bá dé, ọkùnrin náà á gbé ọ̀bẹ rẹ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo ẹbí. Tó bá dé ní odidi, wọ́n á fún un ní ìyàwó. Tó bá ṣẹ́, tàbí tó sọ nù, á máa lọ sílé, ó di ọdún kan kó tó tún gbìyànjú. Ohun tí àwọn àgbà ń wò ni irú ọ̀bẹ tí ọkùnrin yàn nígbà tó mọ̀ pé ẹyọ kan ló lè mú.

Àwẹ̀ró, ọmọ Bàbá Lákànlé, ni mo fẹ́ fẹ́. Ọmọbìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá wo èèyàn, onítọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í rántí gbogbo irọ́ tó ti pa rí. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ ọdẹ kúkúrú kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju sùúrù rẹ̀ lọ. Mo bẹ̀rù rẹ̀, mo sì fẹ́ kí òun náà bẹ̀rù mi díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe. Mo fi ọ̀bẹ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ sílé, mo mú ọ̀bẹ ijó mi, èyí tí àwa ọdẹ máa ń gbé sókè nígbà ọdún wa kí àwọn obìnrin lè pariwo. Ojú méjì ló ní, ọ̀tún àti òsì, ó ń dán bíi dígí, wọ́n sì gbẹ́ orí ẹkùn sí èèkù rẹ̀ pẹ̀lú eyín àti irun imú. Mo so ó mọ́ ìbàdí, mo sì ń rìn bí ẹni tí ìlú jẹ ní gbèsè.

Níbi tí ọ̀nà oko ti pín sí méjì, Bàbá Lákànlé dúró.

“Ọkọ ọmọ mi lọ́la, fi ọ̀bẹ rẹ hàn mí.”

Mo fà á yọ. Oòrùn àárọ̀ bọ́ sára rẹ̀, ó kọ mọ̀nà.

“Hẹ̀ẹ́n. Kí ni mò ń wò lórí èèkù yìí? Ológbò?”

“Ẹkùn ni, Bàbá.”

“Ó ga o. Ó dà bíi pé ebi ń pa á.”

“Bàbá, mo ti fi pa ẹfọ̀n.”

“Ẹfọ̀n tó dúró ni àbí èyí tó ń jó?” Kò dúró gbọ́ èsì mi, ó ti wọ igbó.

Mi ò ní dá yín dúró sórí ọjọ́ àkọ́kọ́. A rìn, a jẹ, a sùn. Kìkì ohun tí mo máa sọ ni pé ọ̀bẹ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dójú tì mí láti ìgbà yẹn. Nígbà tí mo fẹ́ fi bẹ iṣu, ó gé mi ní àtàǹpàkò, torí ibi tí èèyàn máa ń gbé àtàǹpàkò lé lẹ́yìn ọ̀bẹ, ojú kejì ló wà níbẹ̀ tó ń retí mi. Bàbá Lákànlé wo ẹ̀jẹ̀, ó wo iṣu, ó ní, “Iṣu funfun ni mo rò pé a gbé wá.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a dé àárín Igbó Àrere, níbi tí àwọn igi àrere ti ga débi pé ewé tó bá já lókè á pẹ́ lójú ọ̀nà kó tó balẹ̀. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, gbogbo nǹkan rin gbingbin. Mo dúró, mò ń wo ewé kan bó ṣe ń yí bọ̀ wálẹ̀, torí ìwà mi nìyẹn, ohun gbogbo ló máa ń yà mí lẹ́nu. Bàbá Lákànlé kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ó rí gbòǹgbò kan tó yọ sókè bí àga, ó jókòó lé e, ó na ẹsẹ̀. Gbòǹgbò náà mí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo ní ó mí, bí ẹni tó ń jí lójú oorun. Ẹ̀ka rẹ̀ kan yí kúrò nílẹ̀, ó lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ bàbá náà láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún, ó sì le gbagidi.

“Ẹ káàbọ̀ o,” ni ohùn kan wí láti abẹ́ ilẹ̀. “Agbàlejò ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tó bá jókòó lé mi, àlejò mi ni.”

“A dúpẹ́,” ni Bàbá Lákànlé wí, “ṣùgbọ́n a ò ní pẹ́. Tú mi sílẹ̀.”

“Àlejò mi kì í lọ sílé. Tí oòrùn bá wọ̀, á wọ inú mi, á máa yọ ewé. Ta lẹ rò pé ó gbin gbogbo àwọn àrere wọ̀nyí?”

Mo wo ẹsẹ̀ bàbá náà. Èékánná rẹ̀ ti di èèpo igi. Mo fa ọ̀bẹ ẹkùn mi yọ, mo gbé e sókè gan-an bí mo ṣe máa ń gbé e nígbà ọdún, mo sọ ọ́ mọ́ gbòǹgbò náà. Ó dún kàn-ín, ó ṣẹ́. Irin fò wọ inú igbó, orí ẹkùn ló kù lọ́wọ́ mi. Mo wo inú èèkù náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, irin tó wọ inú rẹ̀ kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ! Oje igi ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé e kiri, mi ò sì bi ara mi rí pé kí ló di irin yẹn mú.

Agbàlejò rẹ́rìn-ín débi pé ilẹ̀ ń mì. “Irin ilé yín kò lè gé mi. Irin Ọlọ́wọ́mẹ́ta nìkan ló lè gé mi, ẹ̀yìn àpáta yẹn ló ń gbé. Lọ bá a. Ọdẹ mẹ́jọ ló ti lọ síbẹ̀ nítorí àlejò mi, mo ṣì ń retí wọn.”

Tí mo bá padà sílé láìsí bàbá yìí, ta ló máa gbà pé gbòǹgbò ló gbé e? Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú Àwẹ̀ró? Bàbá Lákànlé fúnra rẹ̀ kò pariwo. Ó ní, “Ọdẹ́jìmí, máa sáré. Tó o bá sì dé ọ̀hún, má fi ológbò yẹn hàn wọ́n.”

Mo sáré. Kí n tó yí àpáta náà ká ni mo ti ń gbọ́ òòlù. Abà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ewé àrere bò, obìnrin kan sì wà nínú rẹ̀ tó ga tó òpó abà, ara rẹ̀ dúdú bí èédú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí. Ọwọ́ mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan fi ẹmú di irin mú, ọ̀kan ń lù ú, ẹ̀kẹta tó yọ láti àárín ẹ̀yìn rẹ̀ ń fẹ́ ewìrì. Ẹ rò ó wò! Gbogbo alágbẹ̀dẹ tí mo mọ̀ ló ń wá ẹni tó máa bá òun fẹ́ná, obìnrin yìí kò wá ẹnikẹ́ni. Oòrùn ti kọjá àárín ọ̀run, bàbá kan sì ń di igi lẹ́yìn mi, síbẹ̀ mo kọ́kọ́ dúró ná, mò ń wo bí ọwọ́ mẹ́ta náà kò ṣe ń dí ara wọn lọ́wọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá.”

“Ọ̀ọ́. Ìwọ ni ìkẹsàn-án,” ni Ọlọ́wọ́mẹ́ta wí, kò gbójú sókè. “Agbàlejò ti tún jí nìyẹn. Ogójì ọ̀bẹ ló wà lára ògiri yẹn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wàá mú. Láti ibí dé ìdí gbòǹgbò yẹn, igbó máa fún un níṣẹ́. Tó bá ṣe gbogbo rẹ̀, tìrẹ ni. Tí iṣẹ́ kan ṣoṣo bá borí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ á gbé ọ padà wá síbí, wàá bá mi fọ́ èédú fún ọdún méje.”

“Àwọn mẹ́jọ yẹn ńkọ́, Ìyá?”

Ó fi ọwọ́ kẹta tọ́ka sẹ́yìn abà. Mo yọjú. Ọkùnrin mẹ́jọ jókòó yí òkìtì èédú ká, irùngbọ̀n wọn gùn dé ìdodo.

“Má mú èyí tó gùn o!” ni ọ̀kan ké sí mi.

“Ìwọ ni kò mọ̀ ọ́n lò,” ni èkejì dá a lóhùn. “Kò burú tó o bá mú èyí tó gùn. Èyí tó ní eyín ni kó o sá fún!”

“Ṣé o ní tábà lọ́wọ́?” ni ẹ̀kẹta bèèrè.

“Ọdún wọn ti pé tipẹ́,” ni Ọlọ́wọ́mẹ́ta wí. “Mo ní kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn bá parí ọ̀rọ̀ lórí ọ̀bẹ tó yẹ kí àwọn mú. Ó yá, o ti bi mí ní ìbéèrè kan, ó kan èmi. Iná mi kì í fẹ́ irọ́, má gbàgbé. Kí ló ṣe ọ̀bẹ tó o ní tẹ́lẹ̀?”

“Ẹfọ̀n ló ṣẹ́ ẹ,” ni mo wí, kí n tó mọ̀ pé mo ti la ẹnu. Iná náà rẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, abà ṣókùnkùn, irin tó wà lẹ́nu ẹmú bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Òòlù dúró lókè. Obìnrin náà wá wojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Tún un sọ.”

“Ọ̀bẹ ijó ni, Ìyá. Mi ò pa ẹfọ̀n rí. Mo mú un wá kí bàbá ọmọ náà lè máa wò mí.”

Iná dìde, ó pupa. “Ó dáa. Kí lo fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe?”

“Màá fi gé gbòǹgbò.”

“Tó o bá gé e tán ńkọ́?”

“Màá fi ṣe ohun gbogbo.”

“N kì í rọ ohun gbogbo níbí. Ka ohun tó o fi ọ̀bẹ ṣe láti àná.”

Mo kà á. Mo gé ọ̀pá àgọ́ mẹ́rin, mo bẹ iṣu lẹ́ẹ̀mejì, mo gé okùn, mo la igi, mo bó òkété kan, mo yọ ẹ̀ẹ́rún igi lọ́wọ́ bàbá, mo sì fi ṣí ìdérí agolo aáṣáà rẹ̀ tó ti le.

“Nínú gbogbo ìyẹn, mélòó lo fi pa nǹkan?”

Mo tún fi ìka kà wọ́n. “Kò sí, Ìyá. Okùn ló pa òkété.”

“Ehn,” ló wí, ó sì padà sídìí irin rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Láti kékeré ni mo ti ń ra ọ̀bẹ bí ẹni tó fẹ́ bá ẹkùn jà lọ́la. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé iṣu ni mo máa bá jà jù.

Mo dojú kọ ògiri. Bí mo ṣe súnmọ́ ọn ni àwọn ọ̀bẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí àwọn tó ń pe oníbàárà. Ọ̀kan tó gùn bí apá mi ní, “Èmi ni kó o mú! Mo kàn máa bẹ́ igi lẹ́ẹ̀kan ni!” Ọ̀kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ ní òun lè bó ẹja kí ẹja náà má mọ̀. Ọ̀kan tó ní eyín bí ayùn lẹ́yìn ní òun ń gé lọ, òun sì ń ré bọ̀. Ọ̀kan ń ṣí, ó ń pa dé, kà, kà, kà, ó ní òun lè wọ àpò láìní àkọ̀. Ọ̀kan tí èèkù rẹ̀ ṣófo mi ara rẹ̀ kí n lè gbọ́: “Abẹ́rẹ́, ìṣáná àti ìwọ̀ ẹja ló wà nínú mi! Ta ló ní irú rẹ̀?” Ẹnu àwa ọdẹ tó mọ ìyìn ara ẹni yìí, a ò tó wọn. Etí mi ń hó.

Mo pariwo, “Ẹ dákẹ́! Kí ni ẹ ò lè ṣe?”

Gbogbo wọn dákẹ́ lóòótọ́. Mo gbọ́ tí èyí tó gùn ń túnra ṣe lórí ìṣó. Mo bi í, “Ṣé o lè yọ ẹ̀gún?” Ó wo ibòmíì. Mo bi eléyín, “Tí mo bá fẹ́ fi igi lu ẹ̀yìn rẹ kó o lè la igi ìdáná ńkọ́?” Ó ní eyín òun á ṣẹ́. Mo wo èyí tó ń ṣí tó ń pa dé, mo bi í pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí iyanrìn bá wọ oríkèé rẹ̀ nígbà tí ìka mi wà níwájú rẹ̀. Ó rọra pa dé. Ní ti èyí tí èèkù rẹ̀ ṣófo, mi ò bi í ní nǹkankan. Mo ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ kò wọ èèkù.

Méjì ló wá dá mi lóhùn láìsí pé mo fi ọ̀rọ̀ há wọn mọ́. Wọn ò gùn, wọn ò kúrú, ojú wọn tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó fi díẹ̀ lé, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní, ẹ̀yìn wọn nípọn, ó tẹ́jú. Ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú.

Èyí tó funfun ní, “Èmi kì í dípẹtà. O lè gbàgbé mi sínú odò. Ṣùgbọ́n tí ojú mi bá kú, òkúta igbó kò lè pọ́n mi, àfi kó o wá òkúta ìlú òkèèrè.”

Èyí tó dúdú ní, “Mi ò fẹ́ràn omi. Tó o bá fi mí sínú àkọ̀ tútù mọ́jú, màá pupa bí amọ̀. Mi ò lè bẹ́ igi ńlá. Mi ò lẹ́wà, iyọ̀ àti ọsàn á sọ ara mi di alámì. Ṣùgbọ́n òkúta èyíkéyìí létí odò lè pọ́n mi.”

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le. Àwọn méjèèjì dára. Mo wo òde, òjìji àpáta ti gùn wọ abà. Mo bi ara mi pé nínú àbùkù méjèèjì, èwo ni mo lè bá gbé? Òkúta wà níbi gbogbo tí mò ń lọ. Òróró kò wọ́n mi. Mo máa ń gbàgbé nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo lè rántí láti nu ọ̀bẹ. Mo mú èyí tó dúdú kúrò lára ògiri. Mo yí ìdí rẹ̀ sókè, mo rí irin tó la èèkù já dé òdìkejì, ìṣó mẹ́ta ló sì dè é mọ́ igi. Mo já ewé ilá igbó tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà, mo fún un sí ọwọ́ mi títí ó fi ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀, mo wá di èèkù náà mú, mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún òpó pẹ̀lú agbára. Ọwọ́ mi kò yọ̀ sórí ojú rẹ̀, torí èèkù náà wú díẹ̀ níwájú, bí ẹni tó ń sọ pé dúró níbẹ̀ yẹn.

“Èyí ni, Ìyá.”

“Wọn kì í wo ìdí rẹ̀,” ni Ọlọ́wọ́mẹ́ta wí, ó sì ń wo àwọn mẹ́jọ náà. “Máa lọ.”

Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi kan ẹsẹ̀ kan. Mo ní ẹsẹ̀, ó tóbi bí ẹní, ó dábùú ọ̀nà, ẹni tó ni ín sì jókòó lẹ́yìn igi, orí rẹ̀ wà láàárín ewé. Ó ní, “Ẹ̀gún kan wọ̀ mí ní gìgísẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó tẹ ìlú yín dó. Yọ ọ́ kó o tó kọjá. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ mi bá kán sílẹ̀, màá tẹ̀ ọ́.” Mo fi ìka di ọ̀bẹ náà mú nítòsí ṣóńṣó rẹ̀, mo gbé ìka ìlábẹ̀ lé ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ́jú, mo sì rọra ń wa ìdí ẹ̀gún náà bí ẹni tó ń kọ̀wé. Ṣe ni ọ̀bẹ náà ń pa á lẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tó bá rẹ́rìn-ín ni ẹsẹ̀ náà ń gbé sókè, tí òjìji rẹ̀ ń bò mí. Mò ń bẹ̀ ẹ́, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú nípa ohun tó ń bani nínú jẹ́.” Ó ní òun ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ojú mi gan-an ló ń pa òun lẹ́rìn-ín. Ẹ̀gún náà jáde, ó gùn tó okùn ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọge, ẹ̀jẹ̀ kankan kò sì kán.

Síwájú díẹ̀, ọkùnrin kan dúró sójú ọ̀nà. Nígbà tí mo súnmọ́ ọn, mo rí i pé oyin ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún oyin tó kó ara wọn jọ di ọkùnrin, tí wọ́n ń gbọ̀n. “Òtútù ń mú wa,” ni wọ́n wí pa pọ̀. “Mú ohun gbígbẹ jáde nínú ohun tútù, tàbí ká wá gbé lára rẹ.” Mo wò yíká, kò sí igi tí òjò kò wọ̀. Mo wá rántí pé ìta igi ni òjò máa ń mọ. Mo fa ẹ̀ka kan tó ti kú, mo gbé ojú ọ̀bẹ lé e lórí, mo ṣa igi kan ṣe kùmọ̀, mo fi lu ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà títí igi fi là sí méjì, sí mẹ́rin. Inú rẹ̀ gbẹ, ó funfun. Mo họ ọ́ wẹ́wẹ́ bí irun àgùntàn. Mo mú òwú àràbà tó wà nínú àpò mi, mo ṣa akọ òkúta kan, mo fi gbá ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà. Iná ta pàrà. Irin dúdú máa ń ta iná, ẹ̀yin èèyàn mi! Mi ò mọ̀ nígbà tí mò ń yàn án, mi ò ní pa irọ́ fún yín. Àwọn oyin náà yí iná ká, wọ́n sì gbàgbé mi.

Nígbà tí mo dé ìdí gbòǹgbò, oòrùn ti kan orí igi. Bàbá Lákànlé ti di èèpo dé ìbàdí, ewé kékeré kan sì ti yọ ní irùngbọ̀n rẹ̀.

“O dé,” ló wí. “Mo ti fẹ́ máa so èso.”

“Kí nìyẹn?” ni Agbàlejò bèèrè. “Abẹ ìfárí? Ọdẹ́jìmí, gbòǹgbò mi nípọn bí itan rẹ!”

Òótọ́ ló sọ. Tí mo bá ní kí n bẹ́ ẹ, ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa lò. Ṣùgbọ́n mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nǹkan lára ẹ̀ka àwọn oyin ni. Mi ò gé e ní ìdábùú. Mo gbé ojú ọ̀bẹ náà lé e ní òòró rẹ̀ bí igi náà ṣe hù, mo fi kùmọ̀ tí mo gbé bọ̀ lù ú ní ẹ̀yìn, ó wọlé díẹ̀. Mo lù ú, Agbàlejò dákẹ́ ẹ̀rín. Mo lù ú, ó ní ká jọ sọ̀rọ̀. Ó ní òun á fún mi ní oyin, ní ìgalà, ní orúkọ. Oòrùn ti wọ ilẹ̀ dé ìdajì. “Má dáhùn!” ni Bàbá Lákànlé pariwo, ohùn rẹ̀ ti ń dún bí igi. Mo ju kùmọ̀ náà mọ́ ẹ̀yìn ọ̀bẹ pẹ̀lú gbogbo ohun tó kù nínú mi, gbòǹgbò náà sì là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tú sílẹ̀ bí ọwọ́ tó rẹ̀. Mo fa bàbá náà jáde. Èèpo bọ́ lára rẹ̀ bí amọ̀ gbígbẹ. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù ní igi títí ó fi kú. Tó bá ń rìn nínú ilé, a máa ń gbọ́ ọ: kò, kò, kò.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tá à ń rí òrùlé ìlú, ó dúró. “Ọdẹ́jìmí, ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Mi ò rí ọ̀bẹ tó ṣẹ́. Ọ̀kan ni mo rí, ó sì wà ní odidi.” Mo mọ ohun tó ń sọ. Èmi àti òun nìkan ló mọ̀. Mo sì fẹ́ Àwẹ̀ró, ẹ ò lè mọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ tó.

Gbogbo ẹbí ti jókòó. Àwẹ̀ró dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, irú ìwò rẹ̀ yẹn. Mo na ọwọ́ sí àkọ̀, mo gbé ọ̀bẹ dúdú kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo na ọwọ́ sínú àpò, mo gbé orí ẹkùn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Èyí ni mo mú lọ, ó ṣẹ́. Èyí ni mo mú bọ̀.” Bàbá Lákànlé mi orí bí ẹni tí wọ́n gba ẹran lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà ní àṣà ni àṣà, kí n máa lọ sílé, ó di ọdún kan.

Àwẹ̀ró wá síwájú, ó mú ọ̀bẹ dúdú náà, ó yí ìdí rẹ̀ sókè, ó wo irin tó la èèkù já, ó gbé e padà fún mi. “Ọdún kan kò jìnnà,” ló wí.

Ọdún pé, èmi àti Bàbá Lákànlé tún wọ igbó pẹ̀lú ọ̀bẹ kan. Ẹ̀yin ń retí kí n sọ ohun tá a rí. A ò rí nǹkankan. Mo gé ọ̀pá, ó gé. Mo la igi, ó là. Mo bẹ iṣu, iṣu funfun. Bí mo bá lò ó tán, mo nù ún, mo fi òróró ra á, mo kì í bọ àkọ̀. Agbàlejò kò mí, kò sí ẹsẹ̀ lójú ọ̀nà, oyin wà nínú ihò wọn bí oyin. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, bàbá náà jẹun tán, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Ọdẹ́jìmí, ṣé bó ṣe máa rí náà nìyí?”

“Bó ṣe máa rí nìyí, Bàbá.”

“Ó ti sú mi,” ló wí, ó sì gbọn eérú kúrò láṣọ. “Dìde ká máa lọ sílé, kí n lọ fún ọ ní ìyàwó rẹ.”